Láti Ara Wáyà dé Ojú Gíláàsì: Ìtàn Pátákó Ìdarí-Ẹ̀rọ àti Iṣẹ́ Àwọn Tí Ó Ń Gbé E Kalẹ̀

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń kọ ìtàn ẹ̀rọ, orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ ronú kàn án ni wọ́n sábà máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ: lágbájá ṣe èyí ní ọdún báyìí, lámọrín sì tún un ṣe ní ọdún báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn gíláàsì ìfọwọ́kàn, èyí tí ó ti gba ipò swíìṣì, gílóòbù àti ojú-ìwọ̀n lórí pátákó ìdarí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Wọn a ní E. A. Johnson ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1965. Wọn a mẹ́nu ba Frank Beck àti Bent Stumpe ní Geneva. Wọn a sì fi G. Samuel Hurst ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kún un. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí pátákó ìdarí kan tí ó ti inú ọpọlọ onímọ̀ fò lọ lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ẹnì kan ni ó fi ayùn la ihò sí ojú àpótí onírin, tí ó ti gíláàsì bọ inú ihò náà, tí ó fa wáyà wọlé, tí ó sì dúró níwájú rẹ̀ láti wádìí bóyá ohun tí gíláàsì ń wí ni ẹ̀rọ ń ṣe. Iṣẹ́ ẹni yìí ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìtàn.

Ohun tí pépà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìyípadà tí ó tóbi jù nínú ìtàn pátákó ìdarí kì í ṣe ti bọ́tìnnì tí ó di àwòrán. Ìyípadà náà ni pé ẹ̀rí kúrò lára wáyà, ó bọ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà. Láyé wáyà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí swíìṣì kan ń darí lè fi ọwọ́ tọ wáyà rẹ̀ lọ títí yóò fi kan mọ́tò. Láyé gíláàsì, ọ̀nà náà ti gé láàárín, ètò kọ̀ǹpútà ni ó sì dí àlàfo náà. Nítorí ìdí èyí, ìgbékalẹ̀ pátákó kúrò ní iṣẹ́ ayùn àti síkírúù nìkan. Ó di ìgbà kan ṣoṣo tí ènìyàn máa ń fi ojú ara rẹ̀ so àwòrán pọ̀ mọ́ ohun tí àwòrán náà dúró fún.

Wáyà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Kí pátákó ìdarí tó wà rárá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni ẹni tí ó ń darí rẹ̀ máa ń dúró sí. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń mí, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kan páìpù láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná jù. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ ayé àtijọ́, etí, imú àti àtẹ́lẹwọ́ náà wà nínú ìṣọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ epo àti ti kẹ́míkà wá tóbi débi pé ẹnì kan kò lè rìn yí i ká mọ́, wọ́n wá ọ̀nà láti kó ìròyìn jọ sínú iyàrá kan. Afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, agbára afẹ́fẹ́ tí ó bá jẹ́ pọ́n-ùn 3 lórí íǹṣì kan níbùú lóròó túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n ń wọ̀n wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Tí ó bá jẹ́ 15, ó ti dé òkè téńté. Nígbà tí iná mànàmáná gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, wọn kò yí ọgbọ́n yìí padà: milliampere 4 ni ìsàlẹ̀, 20 ni òkè.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí òǹkà yìí, nítorí pé ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Kí ni ó dé tí wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo? Ìdí rẹ̀ ni pé páìpù lè lu, wáyà sì lè já. Bí ó bá jẹ́ pé òdo ni ó túmọ̀ sí pé àgbá ṣófo, ẹni tí ó wà nínú iyàrá ìdarí kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín àgbá tí ó ṣófo àti wáyà tí ó já. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé 4 ni ìsàlẹ̀, wáyà tí ó bá já yóò ṣubú sí òdo, òdo kò sì sí nínú èdè rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wáyà náà di ọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí tí ó lè jẹ́wọ́ pé òun kò sí níbẹ̀ ni wọ́n dá sílẹ̀ báyìí, irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀, kódà láàárín ọmọ ènìyàn.

Ìnáwó rẹ̀ kò kéré. Ojú-ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní páìpù tàbí wáyà tirẹ̀, iná ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, swíìṣì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ògiri iyàrá ìdarí wá ń gùn sí i lọ́dọọdún. Ní àwọn ibi kan wọ́n ya àwòrán gbogbo ilé-iṣẹ́ sára ògiri, wọ́n sì fi gílóòbù sí ibi tí fáàfù wà nínú àwòrán náà, kí ẹni tí ó ń wò ó lè rí ilé-iṣẹ́ bí ẹni tí ó wà lórí òkè.

Ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn wá. Ohun tí ó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ níbẹ̀ ni rìléè, swíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tì tí ó sì ń ṣí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún rìléè ni wọ́n ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ọgbọ́n iṣẹ́ náà sì wà nínú bí wọ́n ṣe so wáyà wọn pọ̀. Bí wọ́n bá yí irú mọ́tò tí wọ́n ń ṣe padà, àfi kí àwọn oníṣẹ́ iná tú wáyà palẹ̀ kí wọ́n sì tún un so, tàbí kí wọ́n kó gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù náà dànù. Ní ọdún 1968, ẹ̀ka Hydramatic ti General Motors béèrè fún ohun tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà yìí. Lára àwọn tí ó dáhùn ni ilé-iṣẹ́ Bedford Associates, níbi tí Richard Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ni wọ́n pè ní Modicon 084, nítorí pé òun ni iṣẹ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin tí ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ lé. Wáyà tí ó ti ọ̀dọ̀ swíìṣì wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rọ yìí, èyí tí ó lọ sọ́dọ̀ mọ́tò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ètò sì ni ó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí iṣẹ́ padà kò nílò láti fọwọ́ kan wáyà mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ mú ọdún kan tí ẹ̀rí ti kúrò lára wáyà, ọdún 1968 yìí ni ó tọ́ sí jù, kì í ṣe ọdún tí gíláàsì dé. Gíláàsì bá àlàfo náà nílẹ̀ ni.

Malvern àti Geneva

Johnson ń ṣiṣẹ́ ní Royal Radar Establishment ní ìlú Malvern, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfúrufú ni ó ní lọ́kàn: wọ́n ní láti máa tẹ ọ̀rọ̀ gígùn sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ojú wọn yẹ kí ó wà lára rédà. Ó tẹ́ wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ sójú gíláàsì tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀. Bí ìka bá kan ọ̀kan nínú wọn, kọ̀ǹpútà yóò mọ èyí tí ó jẹ́. Àpilẹ̀kọ kúkúrú kan ni ó fi gbé èyí jáde ní ọdún 1965, ó sì ṣe àlàyé kíkún ní ọdún 1967.

Ọ̀rọ̀ Geneva ni ó kan pátákó ìdarí ilé-iṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní CERN, ilé ìwádìí tí ó wà ní ààlà Swítsàlandì àti Faransé, wọ́n ń kọ́ SPS, ẹ̀rọ ńlá tí ó ń fún àwọn ohun wínníwínní inú átọ́ọ̀mù ní eré nínú ihò tí ó yí ká lábẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 7. Àwọn ohun tí wọ́n ní láti darí nínú rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí wọ́n bá tẹ̀lé àṣà àtijọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́tìnnì àti swíìṣì ni wọn yóò tò sára ògiri, pẹ̀lú wáyà tí yóò máa rin kìlómítà. Frank Beck, tí iyàrá ìdarí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí tábìlì díẹ̀ tó láti darí gbogbo rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì máa pààrọ̀ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan dúró fún gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ bá ṣe béèrè.

Bent Stumpe, onímọ̀ ẹ̀rọ láti Denmark, ni ó bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 1972, Stumpe fi ọwọ́ kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé. Ó ní kí wọ́n tẹ́ bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, kí wọ́n sì fi kẹ́míkà jẹ ẹ́ títí ìlà tínínrín nìkan yóò fi kù. Ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní micrometre 80, àlàfo àárín wọn sì jẹ́ iye kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí wọn. Bí ìka bá sún mọ́ wọn, iye iná tí ibẹ̀ lè gbà pamọ́ yóò pọ̀ sí i, ẹ̀rọ yóò sì mọ̀ pé ẹnì kan tẹ ibẹ̀. Bọ́tìnnì 16 ni gíláàsì tí wọ́n lò fún SPS ní. Ní ọdún 1973 Beck àti Stumpe gbé ìròyìn iṣẹ́ náà jáde. Ní ọdún 1976, nígbà tí SPS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí gíláàsì yìí ni àwọn tí ó ń darí rẹ̀ ti ń tẹ àṣẹ.

Ohun tí àwọn onítàn máa ń yìn nínú iṣẹ́ yìí ni bí ìlà náà ṣe tínínrín tó. Ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ fún àkíyèsí. Bọ́tìnnì 16 péré ni ó dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan. Ibì kan náà lójú gíláàsì lè jẹ́ òòfà irin ní aago mẹ́sàn-án, kí ó sì jẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú kan. Ìka kò lè mọ ibi tí ó ń lọ nípa àṣà mọ́, bí ọwọ́ onílù ṣe mọ ojú ìlù. Ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á, kí ó sì gba ohun tí ó kà gbọ́. Ní CERN, àwọn tí ó kọ ètò náà àti àwọn tí ó ń lò ó wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí àwòrán bá ṣìnà, ìpè kan ti tó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí níbi tí gíláàsì náà lọ lẹ́yìn náà.

Ti Hurst kò gba àlàyé púpọ̀. Láti ọdún 1971 ni òun àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Elographics, ti wà lẹ́nu rẹ̀. Irú tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn tàn kálẹ̀ ń gba ìtẹ̀ ọwọ́: awẹ́ méjì ni ó ní, bí ìka bá sì tẹ ti òkè, yóò kan ti ìsàlẹ̀. Irú èyí ni ó wọ́pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ní ilé-iṣẹ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ lè lò ó.

Iná tí ó sọ àṣẹ dípò ìṣe

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wáyà kì í purọ́. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 1979, ní ilé-iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, àwọn ẹ̀rọ tí ń fi omi ránṣẹ́ dá iṣẹ́ dúró, agbára inú páìpù sì ru sókè. Fáàfù kan ṣí láti dín in kù, bí ó ti yẹ. Nígbà tí agbára náà wálẹ̀, wọ́n fi àṣẹ ránṣẹ́ kí fáàfù náà tì. Iná tí ó wà lórí pátákó kú, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbà pé ó ti tì. Kò tì. Ohun tí wọ́n so iná náà mọ́ ni ìlà tí ń gbé àṣẹ lọ, kì í ṣe ara fáàfù. Iná náà sọ òtítọ́ nípa àṣẹ, kò sì mọ nǹkan kan nípa ìṣe. Ó lé ní wákàtí méjì tí omi ìtutù fi ń tú jáde. Nǹkan bí ìdajì ohun tí ó wà láàárín ẹ̀rọ náà yọ́ kí ó tó rọlẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Carter gbé dìde, èyí tí John Kemeny ṣe alága rẹ̀, jábọ̀ nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ohun tí wọ́n rí nínú iyàrá ìdarí kò dùn ún gbọ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún agogo ìkìlọ̀ tí ó dún ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì sí ọ̀nà láti pa èyí tí kò ṣe pàtàkì lẹ́nu mọ́. Ojú-ìwọ̀n tí ìbá sọ fún wọn pé omi ń tú lọ wà lẹ́yìn pátákó, níbi tí ẹni tí ó jókòó síwájú kò ti lè rí i. Páálí tí àwọn tí ń ṣe àtúnṣe so kọ́ pátákó bo iná kan mọ́lẹ̀.

Ohun mẹ́ta yìí, ibi tí wọ́n so wáyà mọ́, ibi tí wọ́n kan ojú-ìwọ̀n sí, àti ibi tí wọ́n so páálí kọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ọ̀ràn ìmọ̀ átọ́ọ̀mù. Ọ̀ràn ìgbékalẹ̀ ni.

Gíláàsì ìbá lè wo díẹ̀ nínú àrùn yìí sàn, ó sì wo díẹ̀. Ní ọdún 1975 ni Honeywell àti Yokogawa ti gbé ẹ̀rọ jáde tí ó kó ojú-ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ sójú tẹlifíṣàn díẹ̀. Kò sí ẹ̀yìn pátákó mọ́ tí nǹkan lè fara pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí fífi agogo ìkìlọ̀ kún ètò kò gba wáyà tàbí ihò mọ́, kò sí ohun tí ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti máa fi wọ́n kún un. Ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 1994, ní ilé ìfọpo Texaco ní Milford Haven, ilẹ̀ Wales, agogo 275 ni ó dún sí àwọn òṣìṣẹ́ méjì létí láàárín ìṣẹ́jú 11 tí ó gbẹ̀yìn kí iná tó bú. Fáàfù kan tí ó ti tì nígbà tí àwòrán ń sọ pé ó ṣí wà nínú ohun tí ó fà á. Ọdún márùn-dín-lógún lẹ́yìn Three Mile Island, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni.

Bí wọ́n ṣe ń gbé pátákó kalẹ̀

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú ìgbékalẹ̀ fi yẹ fún àlàyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìtàn kì í kà á sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gíláàsì ìfọwọ́kàn sí ojú àpótí onírin yóò kọ́kọ́ pa iná, yóò ti swíìṣì rẹ̀ pa pẹ̀lú àgádágodo, yóò sì fi ẹ̀rọ wíwọ̀n dán wáyà wò kí ó lè dá a lójú pé iná kò sí níbẹ̀. Yóò wá wọn ihò. Ihò tí ó bá tóbi jù kò ní jẹ́ kí rọ́bà tí ó yí ẹ̀yìn gíláàsì ká fara mọ́ irin. Omi àti eruku yóò wọlé. Kí ó tó fi ayùn kan irin, yóò bo gbogbo ohun tí ó wà nínú àpótí, nítorí pé ìyẹ̀fun irin tí ó bá já sáàárín wáyà lè dúró níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ó tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi fáìlì ha etí ihò náà kí ó má baà ge rọ́bà. Àwọn ìdè kékeré tí ó mú gíláàsì mọ́ irin láti ẹ̀yìn, igun sí igun ni ó ń fún wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń fún nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò. Bí ó bá fún ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ó tó bọ́ sí èkejì, gíláàsì yóò tẹ̀ tàbí kí ó sán.

Wáyà iná wọn sábà máa ń jẹ́ ti folti 24, tí ó ní ẹ̀gbẹ́ tí kò gbọdọ̀ ṣì. Wáyà tí ó so àpótí mọ́ ilẹ̀ ni àwọn tí ó ń kánjú máa ń fojú kéré jù, nítorí pé gíláàsì yóò tàn láìsí i. Yóò tàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ariwo iná láti ara mọ́tò lè máa ṣe bí ìka lójú rẹ̀. Fún ìdí kan náà ni wáyà ìròyìn kò fi gbọdọ̀ bá wáyà mọ́tò sùn nínú ọ̀nà kan.

Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ tí oníṣẹ́ iná ìgbà Modicon ìbá mọ̀. Ohun tí kò ní mọ̀ ni ìpele tí ó kàn, nígbà tí gíláàsì bá tàn tí àwòrán àgbá, páìpù àti mọ́tò sì hàn. Níbi yìí ni ẹ̀tàn wà, torí pé iṣẹ́ náà jọ èyí tí ó ti parí. Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ kan fi hàn. Àgbá kan ga ní mítà 10; milliampere 4 ni òfìfo rẹ̀, 20 ni ẹ̀kún rẹ̀. Bí omi bá dé mítà 5, milliampere 12 ni wáyà yóò gbé wá, wáyà náà kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó kọ ètò bá ti kọ mítà 12 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gíga àgbá, gíláàsì yóò fi mítà 6 hàn. Kò sí wáyà tí ó já. Kò sí iná ìkìlọ̀ tí yóò tàn. Ọgbọ́n 4 àti 20, tí ó jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wáyà di ọ̀rọ̀, kò lè rí irú àṣìṣe yìí rárá, nítorí pé àṣìṣe náà kò sí lára wáyà. Bákan náà, òǹkà kan ṣoṣo tí ó ṣì nínú ètò lè mú kí ẹni tí ó tẹ àwòrán mọ́tò kìn-ín-ní tan mọ́tò kejì, kí ọwọ́ ẹnì kan sì wà nínú mọ́tò kejì náà.

Kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ èyí láti iwájú gíláàsì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni pé ẹnì kan yóò dúró sí ibi pátákó, ẹnì kejì yóò rìn lọ síbi fáàfù, wọn yóò sì máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ti pátákó yóò tẹ àwòrán. Ti fáàfù yóò sọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí: ó ti ṣí, tàbí kò mira. Wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ohun tí ó wà nínú àwòrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa fàlà sí i nínú ìwé. Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ tí kò dùn ni, òun sì ni ọ̀gá máa ń fẹ́ gé kúrú nígbà tí ọjọ́ ìṣílé-iṣẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ojú òpìtàn wò ó, yóò rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wáyà máa ń rìn tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ ogun John S. McCain

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣì wà tí àwọn tí ó kórìíra gíláàsì fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí, tí wọ́n sì sábà máa ń sọ ní àsọdùn. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, USS John S. McCain, ń sún mọ́ Singapore ní ìdájí. Gíláàsì ìfọwọ́kàn ni wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ náà tí wọ́n sì fi ń darí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 19, ọ̀gá ọkọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì: kí ẹnì kan máa tọ́ ọkọ̀, kí ẹlòmíràn máa bójú tó ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n ń pín in, ìtọ́kọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì jọ bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kejì láìmọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kígbe pé ọkọ̀ kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dín eré kù, ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni ó kọ́kọ́ dín, nítorí pé àwọn méjèèjì kò so pọ̀ mọ́ lójú gíláàsì. Ọkọ̀ sì yà sí òsì, sí iwájú ọkọ̀ epo kan tí ó ń jẹ́ Alnic MC. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà láti ìgbà àṣẹ náà sí ìgbà tí wọ́n fi kọlu ara wọn. Àwọn atukọ̀ mẹ́wàá kú.

Gíláàsì náà kò purọ́ rárá. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí yóò wò ìbá rí i kà lójú rẹ̀ pé ìtọ́kọ̀ ti bọ́ sí ibòmíràn. Ìwádìí àjọ NTSB ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2019, dá ẹ̀bi lé àìtó ẹ̀kọ́ àti àìtó ìṣọ́ lórí; ó sì fi kún un pé ọ̀pá ìdarí onírin dára ju àwòrán lọ fún agbára ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀ lára àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà wá láti orí ọkọ̀ mìíràn, USS Antietam, tí ìdarí rẹ̀ kò rí bákan náà. Ní ọdún 2019 kan náà, ológun ojú omi Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò dá ọ̀pá ìdarí tí ọwọ́ lè dì mú padà sórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ka ìkéde yìí sí ìṣẹ́gun irin lórí gíláàsì. Ìwádìí náà kò gbè é lẹ́sẹ̀. Wọn kò yọ gíláàsì kúrò fún ohun gbogbo. Ohun kan pàtó tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ láìdúró de ojú ni wọ́n dá padà fún ọwọ́.

Ní ilé-iṣẹ́ gbogbo, ìpínyà kan náà ti wà tipẹ́ ní ìdí bọ́tìnnì ìdádúró pàjáwìrì. Òfin àgbáyé tí ó wà fún un, ISO 13850, ní kí orí rẹ̀ pupa, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè níbi tí ẹ̀yìn bá wà, kí ó sì dúró bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ títí ẹnì kan yóò fi mọ̀ọ́mọ̀ tú u. Àwòrán bọ́tìnnì pupa lójú gíláàsì kò lè rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, lára àpótí kan náà tí oníṣẹ́ iná ti la ihò onígun mẹ́rin fún gíláàsì, yóò tún fi dírìlì lu ihò róbótó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù bá lè tètè bà. Nígbà tí gbogbo ìdánwò bá sì parí, yóò tan ẹ̀rọ, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnnì pupa náà, yóò sì kẹ̀yìn sí gíláàsì kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ wo mọ́tò títí yóò fi dúró.